Gbígba Ọ̀rọ̀ Padà àti Dídá Ìgbẹ́kẹ̀lé Padà

Bí ẹnì kan bá dáwọ́ lé ohun tí kò tọ́, tí ariwo ta, tí ó sì wá jáwọ́ nínú rẹ̀, kí ni ó kù tí a tún lè bi í? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn pé kò ku nǹkan kan. Ohun tí wọ́n bèèrè fún ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Kí olúkúlùkù máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn kò ní lè gbàgbé. Wọn yóò máa wo ẹni náà tìfura-tìfura, bí ẹni tí ejò ti bù jẹ rí ṣe máa ń sá fún ekòló. Ta ni ó gbọ́n nínú àwọn méjèèjì? Ta ni ó sì ṣe bí ọmọlúàbí? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí. N kò fẹ́ sọ ọ́ lófìfo, nítorí náà mo mú ọ̀rọ̀ kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní oṣù kìíní ọdún 2023, láàárín ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń ta eré àti àwọn oníbàárà rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ eré mú yín rò pé ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré ni. Oúnjẹ òòjọ́ àwọn ènìyàn wà nínú rẹ̀.

Dungeons & Dragons ni orúkọ eré náà. Gary Gygax àti Dave Arneson ni ó ṣe é, ọdún 1974 ni ó sì kọ́kọ́ jáde. Àwọn ènìyàn bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn yóò máa pa ìtàn, àwọn yòókù yóò sì máa sọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn tí olúkúlùkù yàn fún ara rẹ̀ ń ṣe nínú ìtàn náà. Bí ọ̀rọ̀ bá di pé bóyá ọ̀kan nínú wọn lè fo ọ̀gbun kan, tàbí bóyá idà rẹ̀ ba ọ̀tá, dáìsì ni wọn yóò dà kí wọ́n tó mọ̀. Dáìsì yìí kì í ṣe olójú mẹ́fà ti lúdò nìkan. Èyí tí wọ́n ń lò jù ní ogún ojú. Ẹni tí ó bá mọ bí àwọn ọdẹ inú ìtàn wa ṣe máa ń wọ igbó lọ bá iwin àti ewèlè kò ní ṣàìmọ irú adùn tí ó wà nínú eré bẹ́ẹ̀.

Ìwé ni ilé-iṣẹ́ ń tà jù nínú eré náà: ìwé òfin eré, ìwé ìtàn, ìwé àwọn abàmì ẹranko. Kò sì sí ilé-iṣẹ́ tí ó lè dá kọ gbogbo ìtàn tí àwọn eléré yóò fẹ́. Ní ọdún 1997, ilé-iṣẹ́ Wizards of the Coast ra TSR, ilé-iṣẹ́ tí ó ni eré náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 1999, Hasbro, ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó ń ṣe ohun ìṣeré, ra Wizards. Ní ọdún 2000, Wizards gbé ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní Open Game License. Èmi yóò máa pè é ní Ìwé Ìyọ̀ǹda. Ohun tí ó wí ni pé ẹnikẹ́ni lè mú àwọn òfin eré tí a là sílẹ̀, kí ó fi wọ́n kọ ìwé tirẹ̀, kí ó sì tà á, láìsan kọ́bọ̀ fún ẹni tí ó ni eré. Ó wí pé ìyọ̀ǹda náà wà títí láé, ó sì kárí ayé. Ọgbọ́n tí ó wà nídìí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Bí àwọn ẹlòmíràn bá ń kọ ìtàn, àwọn tí ó ra ìtàn yóò ra ìwé òfin lọ́wọ́ Wizards. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Àwọn ènìyàn gbọ́, wọ́n sì gbà á gbọ́. Ilé-iṣẹ́ Paizo gbé odindi eré kan, Pathfinder, kalẹ̀ lórí Ìwé Ìyọ̀ǹda yìí ní ọdún 2009. Kobold Press àti àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké mìíràn tí ó pọ̀ lọ súà, títí dé orí ẹni tí ó ń dá kọ̀wé nínú yàrá rẹ̀, wọ́n fi ṣe iṣẹ́ ajé.

Ẹ jẹ́ kí n fi í wé ohun tí a mọ̀. Bí onílẹ̀ bá fún àlejò ní ilẹ̀ dáko láyé àwọn baba wa, àlejò náà a máa gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ fún un lọ́dọọdún, kí gbogbo ayé lè mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni kí a gbin àgbàdo sórí ilẹ̀ onílẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí a gbin kòkó sí i, nítorí ẹni tí ó bá gbin kòkó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ lé ilẹ̀ náà. Nísinsìnyí, ẹ wo onílẹ̀ kan tí ó wí fún àlejò pé, ‘Má gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá. Gbin ohun tí ó bá wù ọ́, àní kòkó pàápàá.’ Àlejò ṣán igbó, ó gbin kòkó, ó dúró dè é, ó kọ́ ilé, ó bímọ síbẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún kí onílẹ̀ tó padà dé.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, Cynthia Williams, tí ó jẹ́ ọ̀gá Wizards nígbà náà, bá àwọn olówó tí ó ń wo ọjà ìdókòwò sọ̀rọ̀, ó sì wí pé owó tí eré náà ń mú wọlé kò tó bí ó ṣe yẹ kí ó tó. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí ilé-iṣẹ́ kéde pé ìwé tuntun ń bọ̀, pé kò ní ju ènìyàn díẹ̀, tí wọn kò pé ogún, tí yóò san owó. Ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 2023, ìwé ìròyìn Gizmodo tú àṣírí ohun tí ó wà nínú ìwé tuntun náà. Ẹni tí ó bá pa ju dọ́là 750,000 lọ lọ́dún ni yóò san ìdá 25 nínú 100 lórí ohun tí ó lé. Ẹni tí ó bá pa ju dọ́là 50,000 lọ ni yóò máa jíhìn owó rẹ̀ fún wọn. Wizards yóò ní ẹ̀tọ́ láti lo iṣẹ́ tí ẹlòmíràn fi orí ara rẹ̀ kọ, láìsan nǹkan kan fún un. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ohun tí ó dun àwọn ènìyàn jù: Ìwé Ìyọ̀ǹda ti ọdún 2000 kò ní àṣẹ mọ́.

Báwo ni ohun tí ó wà títí láé ṣe lè dẹ́kun? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n gùn lé. Ìwé àtijọ́ wí pé ènìyàn lè lo èyíkéyìí nínú àwọn ìwé ìyọ̀ǹda náà tí a bá ti fi àṣẹ sí. Àwọn agbẹjọ́rò wá wí pé bí ó bá jẹ́ èyí tí a fi àṣẹ sí nìkan ni, a jẹ́ pé a lè bọ́ àṣẹ kúrò lára èyí tí a kò fẹ́ mọ́. Bí ẹni bọ́ ẹ̀wù! Bẹ́ẹ̀ sì ni ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé fún àwọn ènìyàn nígbà kan rí pé bí àwọn bá tilẹ̀ yí ìwé náà padà, ẹni tí kò bá fẹ́ràn tuntun lè máa lo ti àtijọ́. Ryan Dancey, tí ó wà nídìí kíkọ Ìwé Ìyọ̀ǹda náà ní ọdún 2000, jáde sọ ní ọdún 2023 pé òun kò gbà pé wọ́n ní agbára láti pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti fi ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ tipẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò de ẹnikẹ́ni.

Ariwo ta. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí dá owó tí wọ́n ń san fún D&D Beyond dúró; èyí ni ojúlé eré náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí Hasbro ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ju mílíọ̀nù 146 dọ́là rà ní ọdún 2022. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú. Ní ọjọ́ 12 oṣù náà, Paizo kéde pé àwọn àti àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn yóò gbé ìwé ìyọ̀ǹda tiwọn kalẹ̀, tí kò ní sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ eré kankan. Ní ọjọ́ kejì ni Wizards tó fọhùn. Wọ́n ní àwọn yóò yí díẹ̀ padà. Wọ́n wá fi kún un pé àwọn kan yóò máa wí pé àwọn oníbàárà ni ó borí. Pé ìdajì òtítọ́ ni, nítorí ilé-iṣẹ́ náà borí pẹ̀lú.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí gbólóhùn yìí, nítorí òun ni ó sọ fún mi bí ọkàn ẹni tí ó sọ ọ́ ṣe rí lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ó bá ń tọrọ àforíjì kì í jókòó ṣírò èrè tirẹ̀ níwájú ẹni tí ó ṣẹ̀. Bí ọkọ bá lu aya rẹ̀, tí àwọn àna wá pè é jókòó, tí ó sì wí pé, ‘Ẹ rí i, gbogbo wa ni a jèrè nínú ìpàdé yìí,’ wọn kò ní bá a ká igbá ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀. Ohun tí gbólóhùn náà ń wá ni pé kí a má ṣe rí i pé a fi ipá dá a padà. Ohun tí ó sì fi hàn kò ju pé ipá ni ó dá a padà. Ní ọjọ́ 18, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá, Kyle Brink, kọ ìwé àforíjì tí ó dára ju èyí lọ. Ní ọjọ́ 19 wọ́n gbé àkọsílẹ̀ mìíràn jáde, wọ́n sì ní kí àwọn ènìyàn sọ èrò wọn. Nínú ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó dáhùn, ìdá 89 nínú 100 ni inú wọn kò dùn sí bíbọ́ àṣẹ kúrò lára ìwé àtijọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù kan náà, Wizards jọ̀wọ́ ohun gbogbo. Ìwé Ìyọ̀ǹda ti ọdún 2000 dúró bí ó ṣe wà.

Ní báyìí, kí ni ìyípadà yìí sọ fún wa nípa ẹni tí ó yí padà? Bí mo bá rí ọkùnrin kan tí ó na ọwọ́ sí àpò mi, tí mo kígbe, tí ó sì fa ọwọ́ náà padà, owó mi kò sọnù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí fífa ọwọ́ padà fi hàn ni pé igbe mi rinlẹ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa ọwọ́ náà. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, n kò mọ̀ pé ó lè na ọwọ́ sí àpò mi. Àìmọ̀ yẹn gan-an ni mo fi ń bá a jókòó láìfura. Ó lè dá owó padà, ó lè dá ìwé padà, ṣùgbọ́n ta ni yóò dá àìmọ̀ padà fún mi? Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tí ó ní ọ̀rọ̀ parí ní ọjọ́ 27.

Ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé mo le jù. Yóò ní ọ̀pọ̀ alágbára ni a ti pariwo lé lórí tí wọn kò mira. Bí a bá ń fi ojú ẹni tí kò gbọ́ wo ẹni tí ó gbọ́, kí ni yóò mú kí ẹlòmíràn gbọ́ lọ́la? Àtakò yìí lágbára, n kò sì lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Bí ìyà ẹni tí ó ronú pìwà dà àti ti ẹni tí ó ṣorí kunkun bá dọ́gba, a ti ba ìrònúpìwàdà jẹ́ lọ́jà. Ṣùgbọ́n mo rò pé ìdáríjì ni àtakò náà ń bèèrè fún, kì í ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé. Àná ni ìdáríjì ń wò, ọ̀la ni ìgbẹ́kẹ̀lé ń wò. Mo lè dárí ji ẹni tí ó jẹ mí ní gbèsè tí kò san án, kí n bá a jẹun, kí n bá a rìn, kí n má sì yá a lówó mọ́. N kò ṣẹ̀ ẹ́ nínú ìyẹn. Ìdáríjì jẹ́ ohun tí mo lè fún un nítorí pé mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé kò sí lábẹ́ ìfẹ́ mi. Bí mo bá tilẹ̀ pàṣẹ fún ọkàn mi pé kí ó gbẹ́kẹ̀ lé e, ọkàn mi kò ní gbọ́.

Ó tún ku ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti dárí jì. Ẹni tí ó ń ṣe eré náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kò pàdánù nǹkan kan. Ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, dáìsì rẹ̀ wà nínú àpò. Òun ni ó kọ́kọ́ wí pé kí ọ̀rọ̀ tán, kò sì burú bí ó bá wí bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó háyà òǹkọ̀wé àti ayàwòrán, tí ó ti gbowó ìwé tí kò tíì tẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò mọ̀ bóyá òun yóò ní iṣẹ́. Àwọn méjèèjì ni a ń pè ní oníbàárà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ wọn kò dọ́gba. N kò fẹ́ràn kí ẹni tí ẹ̀gún kò gún máa bá ẹni tí ó ń tiro wí pé kí ó yára.

Mo ti fẹ́ sọ ọ́ bí ẹni pé kò sí ohun rere kankan nínú ohun tí Wizards ṣe ní ọjọ́ 27. Ó wà, òun ni ó sì mú kí ọ̀rọ̀ yìí yẹ ní ríronú lé. Ohun tí ariwo pọ̀ lé lórí jù ni pé kí wọ́n fi ìwé àtijọ́ sílẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí rẹ̀, wọ́n mú odindi àkójọ òfin eré náà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ láti ọdún 2016, wọ́n sì fi í sábẹ́ ìwé ìyọ̀ǹda Creative Commons. Àjọ mìíràn ni ó kọ ìwé yìí, Wizards kò lè fọwọ́ kàn án. Ó sì wà nínú rẹ̀ kedere pé ohun tí a bá ti fi fún ni lábẹ́ rẹ̀, a kò lè gbà á padà. Ní oṣù kìíní kan náà tí wọ́n ń wá ihò kékeré nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, wọ́n parí rẹ̀ nípa dídí gbogbo ihò pa mọ́ ara wọn. Nínú àpẹẹrẹ tèmi, onílẹ̀ kò kàn wí pé òun kò gba ìṣákọ́lẹ̀ mọ́. Ó kọ ilẹ̀ náà fún gbogbo ayé.

Ṣé èyí dá ìgbẹ́kẹ̀lé padà? Èmi ní kò dá a padà, ó mú kí a má nílò rẹ̀ ni. Ẹni tí a fi okùn dè ní ọwọ́, a kì í sọ pé a gbẹ́kẹ̀ lé e pé kò ní lù wá. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èyí ni mo kà sí àforíjì tòótọ́, nítorí pé òun nìkan ni ó bá ẹ̀ṣẹ̀ náà dọ́gba. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni pé wọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn di ohun tí a lè tú. Ẹni tí ó bá sì tún wá fi ọ̀rọ̀ ẹnu bẹ̀bẹ̀ fún irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń fi owó ayédèrú san gbèsè. Ẹni tí ó bá na ọwọ́ rẹ̀ síwájú pé kí a dè é ti gbà pé ọ̀rọ̀ òun kò tó mọ́. Gbígbà yẹn ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn olówó.

Ìdí mìíràn wà tí okùn fi dára ju ìbúra lọ níbi tí ilé-iṣẹ́ bá wà. Ilé-iṣẹ́ kò ní ojú tí ìtìjú lè tì. Àwọn tí ó ṣe ìlérí ọdún 2000 kọ́ ni ó fẹ́ dà á ní ọdún 2023, àwọn tí ó sì tọrọ àforíjì lónìí lè máà sí níbẹ̀ lọ́la. A máa ń sọ pé ilé-iṣẹ́ kan jẹ́ olóòótọ́ bí ẹni pé ènìyàn ni. Bí ènìyàn bá purọ́, yóò rántí. Ọmọ rẹ̀ yóò gbọ́, àwọn ará àdúgbò yóò máa wò ó. Ìrántí ilé-iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá jókòó sórí àga lọ́dún náà.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 kan náà, Unity, ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe irinṣẹ́ tí a fi ń kọ eré orí kọ̀ǹpútà, kéde pé àwọn tí ó ń lò ó yóò máa san owó nígbàkigbà tí ẹnì kan bá gbé eré wọn sórí ẹ̀rọ rẹ̀, títí kan eré tí ó ti jáde tẹ́lẹ̀. Ariwo ta níbẹ̀ náà. Wọ́n dín in kù lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ọ̀gá àgbà wọn lọ ní oṣù Kẹwàá, ọdún kan sì kọjá kí wọ́n tó fa owó náà tu tegbòtigaga ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi rọ́pò ọ̀rọ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà sí Wizards kò ya ọ̀nà kan ṣoṣo. Wọ́n tẹ ìwé òfin tuntun jáde ní ọdún 2024, àwọn ènìyàn sì rà á. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n tún fi àkójọ òfin tuntun náà sábẹ́ Creative Commons, láìsí ariwo kankan tí ó lé wọn débẹ̀. Èyí ni mo kà sí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ tí kò jọ ti ọwọ́ tí a fipá fà padà, ó sì gbà wọ́n ní ju ọdún méjì lọ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn kò dúró dè wọ́n. Ìwé ìyọ̀ǹda tí Paizo kéde parí ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Láti oṣù Kọkànlá ọdún náà ni Paizo ti bẹ̀rẹ̀ sí gbé àwọn ìwé Pathfinder tí wọ́n tún kọ jáde, kí wọ́n má bàa ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú Ìwé Ìyọ̀ǹda ti ọdún 2000 mọ́, ìwé kan náà tí Wizards ti fi sílẹ̀ fún wọn. Kobold Press gbé eré tirẹ̀, Tales of the Valiant, jáde ní ọdún 2024. Iṣẹ́ ńlá ni, owó ńlá sì ni. Mo ti rí àwọn tí ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n tún ń sá fún, nígbà tí Wizards ti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìbéèrè náà. Wọ́n ń tẹ ìwé wọn, wọ́n sì ń tà á.